Ọkàn Kì Í Dúró De Ayàwòrán

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé ẹ́kò ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n gbé ojú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń ká, wọ́n ní, "Èkó tún wà ní Ìbàdàn ni?" Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ògiri ní tiwọn, ẹ̀kọ ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wọkọ̀, pé bó bá ṣe ti ẹ̀kọ ni, àwọn náà lè kọ́ mi nílé.

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ẹ́kò ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pe ẹ̀rọ kan tó máa ń fi ìró ránṣẹ́ sínú àyà èèyàn. Ìró náà tín-ín-rín kọjá ohun tí etí ọmọ èèyàn lè gbọ́. Bó bá kan ọkàn, á padà, ẹ̀rọ á sì fi èyí tó padà ya àwòrán ọkàn náà sójú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Bàbá mi ká aṣọ kan tán. Wọ́n ní, "Bí èèyàn ṣe ń pariwo sínú kànga, tí kànga á dá a lóhùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Ọkàn wá di kànga. Ó dáa, Sìdíkátù, máa lọ. Ṣùgbọ́n má jìn sí i o."

Mo jìn sí i. N kò sì jáde níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó máa ń yà kí mi nílé mi ní Ẹ̀jìgbò ni mo ń kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ìwé mẹ́wàá, tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá Àbíjàn lẹ máa lọ bí àwọn bàbá yín, tàbí iṣẹ́ kan lẹ máa kọ́. Ẹ máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, iṣẹ́ wo lẹ̀yin gan-an ṣe?" Màá ní àwòrán ni mo ń yà. Ẹ ó sì máa wo ògiri mi kiri, bóyá ẹ máa rí ọ̀kan níbẹ̀.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ni àwọn òbí mi ń tà níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Faransé ti dá lẹ́nu mi kí Yorùbá mi tó jinlẹ̀, ni wọ́n bá fi mí ránṣẹ́ sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí n lè gbọ́ èdè, kí n sì ka kéú àti ìwé. Nígbà tí àwọn náà fi padà wálé pátápátá, mo ti ń jáde ìwé. Bí wọ́n ṣe gbà mí sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò gùn ní sísọ: wọ́n gbà mí, owó náà kò pọ̀, ebi kò pa mí.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Baba Dúródọlá. Ará Ọlá ni wọ́n, nítòsí wa níbí. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀wù funfun wọn kì í ní àbàwọ́n. Wọn kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n mú mi lọ síwájú ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n wò ó dáadáa, nítorí n kò ní fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo rò pé wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. N kò tíì mọ̀ pé Baba Dúródọlá kì í ṣẹ̀fẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó le nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó lè ní kí ìyàwó dúró jẹ́ẹ́, kó rẹ́rìn-ín. Ọkàn kì í dúró. Bó ṣe ń fún pọ̀ ló ń tú. Bí ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀ ṣe ń ṣí ni òmíràn ń tì. Bí o bá kàn dá àwòrán dúró níbi tó bá wù ọ́, o kò ní mọ̀ bóyá ìgbà tó fún pọ̀ lo mú tàbí ìgbà tó tú. Ọkàn tó lágbára á dà bí èyí tó ti rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa á dà bí èyí tó há. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń lẹ wáyà mẹ́ta mọ́ àyà aláìsàn. Àwọn wáyà yìí ló ń gbọ́ iná kékeré tí ọkàn fi ń pàṣẹ fún ara rẹ̀. Wọ́n á fa ìlà kan sísàlẹ̀ àwòrán, ìlà náà á sì máa fò ṣóńṣó sókè nígbàkígbà tí ọkàn bá fẹ́ lù. Ṣóńṣó yẹn la fi ń mọ ibi tí ọkàn dé nínú ìrìn rẹ̀, òun náà la fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé, ibí yìí gan-an ni kó o ti dá a dúró. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí àwòrán àti ọkàn kò bá jọ rìn, aláìsàn ni ìyà náà yóò jẹ.

Baba Dúródọlá kò gbà kí n ti orí wáyà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ara mi ni kí n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó ti àwọn aláìsàn, ìka mi lórí iṣan ọrùn ọwọ́ wọn, tí màá máa fi ọwọ́ kejì lu orókún mi bí iṣan náà ṣe ń sọ. Baba á dúró sẹ́yìn mi, wọ́n á máa wo ìlà lójú ẹ̀rọ. Bí ọwọ́ mi bá ṣáájú, wọ́n á ní, "O ń sáré." Bó bá kẹ́yìn, wọ́n á ní, "O ń sùn." Bó bá ṣe déédéé, wọn kò ní sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ni oríyìn.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń sáré ṣáá, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ máa ń gúnyán tà fún àwọn òṣìṣẹ́. Odó kan, ọmọ odó méjì. Bí ti ẹ̀gbọ́n ṣe ń gòkè ni ti àbúrò ń sọ̀, wọn kò sì wo ara wọn. Baba kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí bá yín gún un díẹ̀." Àbúrò fún mi ní ọmọ odó tirẹ̀. Mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, ni tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n bá kọlu ara wọn lágbedeméjì. Ọmọ odó fò lọ́wọ́ mi, ó gbá etí odó, iyán sì ta lé ẹ̀wù funfun Baba Dúródọlá láyà.

Baba fi ìka ṣí iyán náà kúrò lára ẹ̀wù wọn, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Kò tíì kúnná. Ẹ tún un gún."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má wo ọmọ odó mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó o fi gbọ́ ọ. Ilẹ̀ á sọ fún ọ." Mo gbé ojú kúrò. Mo fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, apá mi ń lọ, apá mi ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó kọlu ẹnì kan. Lọ́jọ́ kejì ni Baba ní kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Wọ́n le o, kí n má purọ́. Bí àwòrán mi bá rú, wọ́n á pa á rẹ́ láìsọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀, kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ aláìsàn pé mo fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ohun kan tó dà bí jẹ́lì wà tí a máa ń fi sórí púróòbù, ìyẹn orí ẹ̀rọ tí a ń gbé lé àyà èèyàn. Ó máa ń tutù bí omi ìkòkò lásìkò ọyẹ́. Baba kì í jẹ́ kí n fi kan ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mi mú un gbóná díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkàn ẹni tó ta gìrì kì í sọ òótọ́." Títí dòní, bí mo bá fẹ́ fi ìpara pa àwọn ọmọ-ọmọ mi lára, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú un gbóná.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀jìgbò níbí ra ẹ̀rọ àlòkù kan, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, ọkọ mi Làmídì ń ṣòwò aṣọ láàárín Àbíjàn àti ilé. Inú mi dùn láti padà sílé. Nígbà tí mo lọ dágbére fún Baba Dúródọlá, wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní kí n di ọrùn ọwọ́ àwọn mú. Mo dì í mú, mo ń fi ọwọ́ kejì lu aṣọ mi. Wọn kò sọ nǹkan kan. Bí a ṣe pínyà nìyẹn. Wọ́n ti kú báyìí, ìlú wọn ní Ọlá ni wọ́n sin wọ́n sí, mo sì bá wọn dé ibojì.

Ọjọ́ tó le jù nínú iṣẹ́ mi ni ọjọ́ tí wọ́n gbé Bọ́sẹ̀ wá láti Ìsúndúnrìn. Ọ̀sán gangan ni. Orí ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbá a mọ́ra kó má baà ṣubú. Oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí.

Ìyá ọkọ ní, "Ọ̀lẹ ni mo ń pè é o. Bó bá bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀, á jókòó. Mo ní ta ni kò lóyún rí? Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo rí ètè rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ."

Dókítà Títílayọ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó fara balẹ̀. Ó wo ojú Bọ́sẹ̀, ó fi ẹ̀rọ etí gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mọ́mì, ojú rẹ̀ funfun. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára rẹ̀, ó yẹ kí n fa ẹ̀jẹ̀ sí i báyìí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró kan láyà rẹ̀ tí n kò fẹ́ràn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ọkàn ló há, ohun tí mo bá fà sí i kò ní rọ́nà kọjá, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò kún sí, á sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn yẹn kí n tó ṣe ohunkóhun."

A gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn Bọ́sẹ̀ nítorí kò lè dùbúlẹ̀. Mo lẹ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Bí mo ṣe ní kí n gbé púróòbù lé e láyà, iná ṣẹ́jú, ó lọ, ó sì padà pẹ̀lú agbára tó ju ti ara rẹ̀ lọ. Gílóòbù tó wà lókè bú gbàmù. Èéfín rú jáde níbi tí àwọn wáyà náà ti wọnú ẹ̀rọ, òórùn ike tó jóná sì gba yàrá.

A pa gbogbo nǹkan. A tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo tún tan ẹ̀rọ, àwòrán jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìsàlẹ̀. Ìlà náà kò fò mọ́. Ó nà gbalaja bí okùn tí wọ́n sá sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í tọ́jú àwòrán tó ti kọjá bíi tòní. Èyí tó bá dá dúró nìkan lo rí. Ọkàn Bọ́sẹ̀ sì ń sáré débi pé ilẹ̀kùn náà ń gbọ̀n bí ìyẹ́ labalábá. Ojú kò lè mọ bó ṣe ṣí tó. Mo dá a dúró, ó tì. Mo tún dá a dúró, ó ṣí díẹ̀. Mo tún dá a dúró, ó tì. Èwo ni òótọ́?

Bọ́sẹ̀ ní, "Ṣé mò ń kú ni, Ma?"

Mo ní, "O ò kú. A fẹ́ gbọ́ ọ ni."

Mo ní, "Dókítà, ẹ wá síbí. Ẹ fi ìka sórí bọ́tìnnì tó ń dá àwòrán dúró." Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di púróòbù mú, mo fi ìka ọwọ́ òsì lé iṣan ọrùn ọwọ́ Bọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé kí iṣan yẹn tó sọ, ọkàn ti fún pọ̀. Pé bó bá ti sọ tán, ilẹ̀kùn yẹn kò ní í pẹ́ ṣí. Mo di ojú mi. Mo ní, "Bí mo bá ti ní 'báyìí', ẹ tẹ̀ ẹ́. Báyìí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́. A tún un ṣe, ó tún pẹ́. Mo gbìyànjú kí ohùn mi ṣáájú, ó wá yá jù.

Dókítà ní, "Mọ́mì, kí ọ̀rọ̀ yín tó dé etí mi ló ń gba àkókò. Ẹ jẹ́ kí èmi náà dì í mú." Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi ìka ọwọ́ kan lé iṣan ọwọ́ Bọ́sẹ̀ kejì, ó fi ọwọ́ kejì dúró de bọ́tìnnì. Ìyá ọkọ wà lẹ́yìn, wọ́n fi àyà wọn gbé ẹ̀yìn ìyàwó ọmọ wọn ró. N kò tún ní 'báyìí' mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè: èmi mọ ibi tí mo lè gbé púróòbù sí kí ilẹ̀kùn náà lè hàn, ìka tirẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. A jókòó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ kí ọwọ́ wa mọ ìrìn ọkàn náà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Àwòrán náà dúró, ilẹ̀kùn ṣí níbẹ̀. Ó yẹ kó la gbàgà bí ẹnu ẹni tó ń yán. Kékeré báyìí ló là, bí ẹnu ẹja. A tún un yà, ẹnu ẹja náà ni. A tún un yà títí ọkàn wa fi balẹ̀, nítorí àwòrán kan lè purọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ kì í jọ pa irọ́ kan náà.

Dókítà kò fa ohunkóhun sí i. Oògùn tí yóò jẹ́ kó tọ omi tó kún àyà rẹ̀ jáde ló fún un, èémí rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ilé ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀, ó bá a dé ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀fun tó dùn ún nígbà èwe, tí wọn kò tọ́jú, ló ti ba ilẹ̀kùn yẹn jẹ́ láti ọdún pípẹ́. Níbẹ̀, wọ́n ti ojú iṣan itan rẹ̀ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé dé inú ọkàn, wọ́n sì fi bàlúùnù kékeré kan, irú èyí tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, la ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ó bí obìnrin.

Ìyá ọkọ rẹ̀ padà wá kí wa, wọ́n ru gààrí wá. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì títí àwọn aláìsàn fi tán, wọ́n wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ wí lọ́jọ́sí, ṣé èmi náà ní in?" Mo ní wọ́n ní in. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, mo fi ọwọ́ mú jẹ́lì gbóná díẹ̀, mo fi ọkàn wọn hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ó ti ń ṣe báyìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi kò sì kí i kú iṣẹ́ rí."

Ẹ̀rọ yí padà lójú mi. Èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́ tó kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún máa ń fa ìlà ojú rẹ̀ sórí bébà gígùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn ní àwọ̀ dé: èyí tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ púróòbù á pupa, èyí tó ń lọ á rí bí aró. Bàbá kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn rí i, ó fò dìde, ó ní ta ló da aró sínú ẹ̀jẹ̀ òun. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tí kò ju fóònù lọ ti wà, òun fúnra rẹ̀ á wá ìlù ọkàn rí, á sì yan àwòrán tó yẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sí nínú àwọn àgbà tó máa ń sọ pé tàtijọ́ ló dáa jù; ẹni tí ike jóná mọ́ lọ́wọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mísírà, ọmọbìnrin tí mo kọ́ kó tó gba ipò mi, mo ṣì jẹ́ kó máa di ọwọ́ àwọn aláìsàn mú, mo sì ní kó lu orókún rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í mọ ìgbà tí òun ṣìnà. Ẹni tó ti gbọ́ ọ lára yóò mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó mọ̀ pé ìjókòó rẹ̀ pọ̀, òkìkí rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá tún fẹ́ mọ bó ṣe rí lódì kejì, mo kọ́ ìyẹn lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì.

Alhaji Làmídì, ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà mọ́sálááṣí. Wọ́n á ní àwọn ń wo ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Ilé náà ti parí tipẹ́, èémí ló ń dá wọn dúró. Mo mú wọn lọ bá Mísírà. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo ní kó wò wọ́n, èmi á wà níta.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilẹ̀kùn náà. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, mo máa ń yọrí síta sọ fún àwọn ẹbí pé, "Ẹ ṣe sùúrù, kò ní í pẹ́." Ó ń pẹ́. Gbogbo ìgbà ló ń pẹ́, èmi ni n kò mọ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni mí. Mo ní rárá, ọkọ mi ni mò ń dúró dè. Ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, a sì jọ ń jẹ ẹ́.

Mísírà jáde, mo wo ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Mọ́mì, kò burú púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti jẹ́ kí ọkàn wọn le díẹ̀, kì í tètè tú mọ́. Oògùn wà. Kí wọ́n má máa kánjú ni. Ṣé ẹ fẹ́ wò ó?"

Mo wọlé. Alhaji ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi Faransé ráhùn pé bọ́tìnnì kaftan àwọn ti bọ́. Mísírà tún gbé púróòbù lé wọn láyà. Mo ti wo ọkàn tí n kò lè ka iye wọn. Mo rí tiwọn tó ń lù, ó rọra, ó le bí orókún àgbà tó ń gòkè, ó sì ń lọ. Mo bi wọ́n bóyá àwọn náà fẹ́ wò ó.

Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ wò? Ìwọ máa bá mi wò ó."

A fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, wọ́n kọ̀ láti gun ọ̀kadà. Wọ́n rọra ń lọ, èmi náà rọra ń lọ. Níbi ilé tí wọ́n ti kọ́ tán yẹn, wọ́n dúró. Mo bá wọn dúró, a jọ wò ó dáadáa, kí a tó máa lọ.